Àjò Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ ní Ìgbèríko Họ́láńdì

Ní ìgbèríko Nẹ́dálándì, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Họ́láńdì, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án, kò pẹ́ tí ènìyàn fi ń pàdé ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà: ènìyàn mẹ́wàá, ogún, nígbà mìíràn ọgbọ̀n, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, tí ẹni iwájú ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tó kù. Wọn kì í ṣe eléré ìje. Púpọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, irun wọn ti funfun. Kìlómítà 30 sí 50 ni wọ́n sábà máa ń gùn lóòjọ́, ní ìwọ̀n kìlómítà 15 ní wákàtí kan, eré tí kò mú ẹnikẹ́ni mí gúlegúle. Ọ̀sẹ̀ kan ni irú àjò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà, wọ́n á sì ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni di ẹrù wúwo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí ni ìdí àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà fi lè dán irú rẹ̀ wò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè tó ga jù lọ ní apá orílẹ̀-èdè náà tó wà ní Yúróòpù ni Vaalserberg, ní ìkángun gúúsù níbi tí ààlà Jámánì àti ti Bẹ́ljíọ̀mù ti pàdé, kò sì ga ju mítà 322 lọ. Ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà ló rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ; ibi tó jinlẹ̀ jù, nítòsí ìlú Nieuwerkerk aan den IJssel, fi mítà 6.76 wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ògiri erùpẹ̀ gíga tí wọ́n fi dí omi ló máa ń fojú ara rẹ̀ rí i. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, odò kún, ọkọ̀ akẹ́rù gígùn ń wọ́ kọjá lórí omi. Lọ́wọ́ òsì, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, òrùlé ilé àti ẹ̀yìn màlúù ló ń wò. Ọkọ̀ ojú omi wà lókè, màlúù wà nísàlẹ̀, ògiri erùpẹ̀ yẹn nìkan ló sì wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ ló ń fa omi kúrò nínú pápá wọ̀nyí tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tì, omi á padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́ nìkan kò tó. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pọ̀ láyé tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ kò jẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń gbà, ìjà ni wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó dé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀, ìjọba sì ń fẹ ọ̀nà fún ọkọ̀ títí kẹ̀kẹ́ kò fi rí ibi kọjá mọ́. Ní ọdún 1971 nìkan, ju 3,000 ènìyàn ló kú sójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé tó wà nínú wọn sì ju 400 lọ. Inú bí àwọn òbí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Stop de Kindermoord, ìyẹn ni pé kí ìpakúpa ọmọdé dópin. Wọ́n ń di ojú pópó pa, wọ́n ń kó ọmọ wọn dání lọ síwájú àwọn aṣòfin. Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì dẹ́kun títa epo fún Nẹ́dálándì ní 1973, nítorí pé ó gbè lẹ́yìn Ísírẹ́lì lójú ogun. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba fòfin de wíwa ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbé kẹ̀kẹ́ jáde sórí òpópónà ńlá tí ọkọ̀ ti máa ń sáré. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Ní 1975, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́, Fietsersbond, sílẹ̀, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fowó sí ọ̀nà tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ nìkan.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ju 35,000 kìlómítà lọ báyìí, kẹ̀kẹ́ tó wà nílùú náà sì pọ̀ ju ènìyàn lọ: àwọn ènìyàn tó mílíọ̀nù 18, kẹ̀kẹ́ ju mílíọ̀nù 20 lọ. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀dà pupa, wọ́n sì ń fi àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ funfun hàn án. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé, ẹni tó bá rí ọ̀wọ́ igun mẹ́ta funfun tí wọ́n kùn sílẹ̀, tí ṣóńṣó wọn dojú kọ ọ́, òun ló gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Awakọ̀ gan-an mọ èyí, wọ́n sì ń dúró fún oníkẹ̀kẹ́. Ohun tó ń ya àjèjì lẹ́nu jù nìyẹn, ju òdòdó tàbí ọlọ afẹ́fẹ́ lọ.

Nípa mímọ ọ̀nà, ọgbọ́n tí wọ́n ń lò rọrùn débi pé ó yani lẹ́nu pé kò tíì tàn ká gbogbo ayé. Gbogbo oríta pàtàkì lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fún ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde láàárọ̀ á wo àwòrán ilẹ̀, á kọ nọ́ńbà oríta tó fẹ́ gbà sórí ìwé kékeré bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, á so ìwé náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó parí. Bó bá dé oríta kan, ọfà kékeré á tọ́ka sí nọ́ńbà tó kàn, pátákó tí wọ́n ya àwòrán agbègbè náà sí á sì wà níbẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú orúkọ abúlé tí kò lè pè. Bẹ́ljíọ̀mù ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ẹnjiníà iṣẹ́ ìwakùsà kan, Hugo Bollen, ló mú un jáde ní agbègbè Limburg ti Bẹ́ljíọ̀mù ní 1995, àwọn ará Nẹ́dálándì sì gbà á lọ́wọ́ wọn títí ó fi bo gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àmì àtijọ́ ṣì wà pẹ̀lú: òkúta kúkúrú tó rí bí olú, tí kò ga ju orúnkún lọ, tí ẹgbẹ́ ANWB bẹ̀rẹ̀ sí í rì mọ́lẹ̀ ní 1919. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló dá ANWB sílẹ̀ ní 1883. Lóde òní, àwọn tí ọkọ̀ wọn bá dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà ló ń pè é jù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣètò ibùsùn. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń ti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ á sì kó ẹrù wọn ṣáájú. Èkejì ló dára jù fún orílẹ̀-èdè tó kún fún odò: ọkọ̀ ojú omi ni ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ló ti jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún ṣe sí yàrá tóóró-tóóró, tó ní ibi ìjẹun lókè. Láàárọ̀, wọ́n á jẹun, olúkúlùkù á fi búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso di oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀. Àwọn á gba orí ilẹ̀, ọkọ̀ á gba orí omi, nírọ̀lẹ́ wọ́n á sì bá a níbi tó ti ń dúró dè wọ́n ní ìlú mìíràn. Ẹni tó bá rẹ̀, tàbí tí òjò lé wọlé, lè jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí tọkọtaya tí agbára wọn kò dọ́gba fi ń yan irú àjò yìí.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fún wọn máa ń mú kí ènìyàn jókòó ní ìdúró gangan, kí ó lè wo ọ̀tún wo òsì. Ọwọ́ rẹ̀ ga, ìjókòó rẹ̀ gbòòrò, wọ́n fi ìbòrí bo ṣéènì kó má baà fa aṣọ ya. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ìbílẹ̀ wọn kò ní bíréèkì lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dà sẹ́yìn. Àjèjì tí kò mọ èyí máa ń na ìka wá ohun tí kò sí nígbà tó bá dé eteetí omi. Fún àjò ẹgbẹ́, wọ́n sábà máa ń yan èyí tó ní jíà àti bíréèkì ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti gbòde báyìí, kò sì sí ìtìjú nínú gígùn ún. Òfin kò fi dandan lé akoto lórí kẹ̀kẹ́ lásán, àwọn onílé kì í sì í sábà dé e. Ìmọ̀ràn tó yẹ kí àlejò gbà ni kí ó dé tirẹ̀.

Gígun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ní ìlànà tirẹ̀. Òfin gba ènìyàn méjì láàyè láti gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò gba mẹ́ta. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2019, owó ìtanràn ń bẹ fún ẹni tó bá di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ na ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ya fọ́tò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, nítorí ọ̀nà náà kì í ṣe ti àlejò nìkan; ọmọléèwé ń bá a lọ, nọ́ọ̀sì ń bá a lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ohun tó ń bí wọn nínú bí ogún àlejò tó dúró sáàárín ọ̀nà tí wọ́n ń wo ewúrẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù, àwọn afinimọ̀nà ní ètò kan tó wúlò gan-an. Afinimọ̀nà wà níwájú. Ẹnì kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ títàn wà lẹ́yìn pátápátá, a kò sì gbọdọ̀ rí ẹni tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ yà, ẹni tó tẹ̀lé afinimọ̀nà gan-an á dúró sí orígun náà, á máa júwe ọ̀nà fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, títí ẹni ẹ̀wù títàn á fi yọ. Nígbà náà ni yóò wọlé síwájú onítọ̀hún, yóò sì di ẹni ìkejì láti ìdí. Ní orígun tó kàn, ipò á kan ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ bá fi máa rọ̀, gbogbo ènìyàn á ti wà níwájú, á ti wà láàárín, á ti wà lẹ́yìn, á sì ti bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Ẹni tó lọ́ra kò ní láti pa ara rẹ̀ kó lè bá àwọn tó yára, nítorí ó dá a lójú pé ẹnì kan ń dúró de òun lórígun.

Ohun tó ń ṣe bí òkè fún àwọn ará ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ náà ṣófo, kò sí igi tàbí àpáta tí yóò dá a dúró, láti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sì sábà máa ń fẹ́ wá láti orí òkun. Afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ènìyàn lè sọ kìlómítà 20 di iṣẹ́ àṣelàágùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹlòmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí náà àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ a máa pààrọ̀ ara wọn níwájú. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kan ẹni tó fẹ́ yan ọ̀nà pẹ̀lú. Ọ̀kan lára àjò tí wọ́n ń polówó jù ni ti ọ̀sẹ̀ kan láti Amsterdam sí Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù, gúúsù ìwọ̀-oòrùn gan-an ló sì kọjú sí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kan náà láti Bruges wá sí Amsterdam ni afẹ́fẹ́ yóò sábà máa tì lẹ́yìn. Àwọn onílé ti sọ ìyà yìí di eré: láti 2013 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje gígun kẹ̀kẹ́ lòdì sí afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Zeeland, lórí kẹ̀kẹ́ lásán tí kò ní jíà, wọn kì í sì í kéde ọjọ́ rẹ̀ àfi bí ìjì bá ti sún mọ́lé.

Amsterdam ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń gbéra. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin àárín ìlú, ọkọ̀ ìsọdá ń gbé ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ kọjá odò IJ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó tó tó wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, ìlú ti dópin, pápá Waterland ti bẹ̀rẹ̀: koríko tútù, ojú omi tóóró láàárín pápá kan àti èkejì, àti abúlé Marken tó jẹ́ erékùṣù títí di 1957 tí wọ́n fi ọ̀nà so ó mọ́ ilẹ̀. Àwọn ilé pákó tó wà níbẹ̀, orí òpó ni wọ́n kọ́ púpọ̀ wọn lé nítorí omi. Màlúù dúdú-funfun ló kún pápá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ tó ń sin irú màlúù bẹ́ẹ̀ ló ni FrieslandCampina, ilé iṣẹ́ tó ni mílíìkì Peak tí wọ́n ń dà sínú ògì àti tíì ní Ìbàdàn àti Èkó.

Láàárín ìlú Haarlem àti Leiden ni ilẹ̀ òdòdó wà. Níbẹ̀, ní bíi agbedeméjì oṣù Kẹrin sí ìparí rẹ̀, túlíìpù máa ń bo pápá ní ìlà pupa, yẹ́lò àti funfun. Ọgbà Keukenhof ní ìlú Lisse, tí wọ́n ṣí fún aráàlú ní 1950, ń gbin nǹkan bí mílíọ̀nù méje lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló sì fi ń ṣí. Ohun tí oníkẹ̀kẹ́ ń rí tí ẹni tó wọkọ̀ lọ sí ọgbà kì í rí ni bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bẹ́ òdòdó náà lórí. Ẹ̀rọ á gba pápá tó rẹwà kọjá, òdòdó gbogbo á bọ́, wọ́n á gbá a jọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kì í ṣe ìwà òǹrorò: ohun tí àgbẹ̀ ń tà ni gbòǹgbò inú ilẹ̀, tó rí bí àlùbọ́sà, bí òdòdó bá sì kúrò lókè, agbára igi á padà sí ìsàlẹ̀ kó lè sanra.

Síwájú sí gúúsù, Kinderdijk ni ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ afẹ́fẹ́ 19 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ ní 1738 sí 1740. Àjọ UNESCO kọ wọ́n mọ́ ogún ìní àgbáyé ní 1997. Wọn kò lọ àgbàdo rí. Omi ni wọ́n ń gbé, láti ojú omi tó rẹlẹ̀ nínú pápá sí adágún tó ga díẹ̀, kí wọ́n lè dà á sínú odò nígbà tí odò bá fà. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ṣì ń gbé inú ọlọ, aṣọ ń bẹ lórí okùn, ọmọ ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, apá gígùn ọlọ sì ń yí kọjá lókè orí wọn. Bí apá yìí bá dúró, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ayọ̀ bá wà nínú ilé, bóyá ìgbéyàwó tàbí ọmọ tuntun, wọ́n á dá a dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó nàró gangan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀fọ̀, wọ́n á jẹ́ kó kọjá ìnàró díẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Ará àdúgbò á wo òkèèrè, á mọ irú ìkíni tó yẹ kó gbé lọ.

Ní Zeeland, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní òru tó kẹ́yìn oṣù Kìíní 1953, ìjì ti òkun wọlé, ògiri ya, ènìyàn 1,836 sì kú ní Nẹ́dálándì. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ ni Oosterscheldekering, ìdènà òkun tó gùn ní kìlómítà 9, tí wọ́n ṣí ní 1986. Ilẹ̀kùn irin 62 ló ní. Wọ́n ń ṣí wọn sílẹ̀ kí iyọ̀ òkun lè máa wọlé fún ẹja àti ìṣáwùrú, wọ́n ń tì wọ́n bí ìjì bá dé. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni ìdíje afẹ́fẹ́ tí a mẹ́nu bà ti ń wáyé.

Ìpínlẹ̀ Noord-Brabant yàtọ̀: iyanrìn, igbó, abúlé oníbíríkì. Ayàwòrán Vincent van Gogh gbé ní abúlé Nuenen láti 1883 sí 1885, níbẹ̀ ló sì ti ya àwọn àgbẹ̀ àti ahunṣọ. Ní ìparí 2014, wọ́n ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan lọ síbẹ̀ láti Eindhoven, tí wọ́n ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta tó ń tàn mọ́; wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n ń tàn ní òru bí ìràwọ̀ inú àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ti pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ní Eindhoven kan náà ni Hovenring wà, afárá róbótó tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ sókè oríta ńlá láti 2012, tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ìlú Helmond wà, níbi tí ilé iṣẹ́ Vlisco ti ń tẹ aṣọ láti 1846. Ankara Họ́láńdì tí àwọn ìyá olówó Lomé fi ra ọkọ̀ Mercedes, tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Nana Benz, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹni tó bá fẹ́ igbó lè lọ sí agbègbè Veluwe. Nínú ọgbà De Hoge Veluwe, kẹ̀kẹ́ funfun ni wọ́n ń kó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ìwọlé; ó lè gbé ọ̀kan, gùn ún dé ilé ọnà Kröller-Müller láàárín igbó, kó fi í sílẹ̀, kó gbé òmíràn nígbà tó bá jáde. Àwòrán Van Gogh tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé ilé ọnà rẹ̀ ní Amsterdam nìkan ló jù ú lọ.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà kò ní ata, ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ á mú tirẹ̀ dání. Kọfí àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso ápù sè ni wọ́n ń dúró jẹ ní àárọ̀. Ní ọ̀sán, búrẹ́dì oníwàràkàṣì tàbí páńkéèkì fífẹ̀ tó bo àwo. Ní Gouda, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọjà wàràkàṣì máa ń wáyé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti Alkmaar, ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò lè rọ̀ nígbàkigbà, ní oṣù yòówù, nítorí náà ẹ̀wù òjò kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò kẹ̀kẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí túlíìpù kò ní yíyàn ju oṣù Kẹrin lọ, otútù sì ń mú nígbà náà, àyè inú ọkọ̀ sì ń tètè tán, nítorí náà kó ti sanwó sílẹ̀ kí ọdún tó yí. Ẹni tí òdòdó kò bá jẹ lógún, ìparí oṣù Karùn-ún sí agbedeméjì oṣù Kẹfà ló dára jù fún un: ọjọ́ gùn títí di aago mẹ́wàá alẹ́, èrò kò pọ̀, ọmọléèwé kò sì tíì gba ìsinmi. Kí ó kàn ti máa gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀ nílé fún bí oṣù kan ṣáájú, nítorí ìdí ló máa ń dun ènìyàn lọ́jọ́ kejì àjò náà, kì í ṣe ẹsẹ̀.